Ogún Ìyá Kì í Dé Oṣù Mẹ́sàn-án: Ìkìlọ̀ Kíákíá fún Gbogbo Ilé Ọlọ́mọ

Ìkìlọ̀ yìí kò ṣeé gbé tì di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹni tó pọn ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹni tó lóyún sínú, ẹni tó ń wá oyún, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ládùúgbò tí ìkókó wà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Èéyi ni mo ń sọ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìta, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles. Mo sì ń sọ ti ẹnì kejì rẹ̀, rùbẹ́là, tí èdè wa kò tilẹ̀ fún lórúkọ, bóyá nítorí pé kì í pariwo bó bá ń bọ̀.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù onídìrí lọ́sàn-án Sátidé kan, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí èéyi máa ń gbilẹ̀. Ìyá kan jókòó, wọ́n ń dirun fún un, ọmọ rẹ̀ olóṣù márùn-ún sùn sórí itan rẹ̀. Ọmọ onídìrí, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń sáré kiri inú ṣọ́ọ̀bù. Ikun ń dà nímú rẹ̀, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ní ọyẹ́ ló mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá ìkókó ṣeré, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara ọmọ onídìrí ti sú: ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí, ó gba ojú, ó sọ̀ sí àyà. Ìgbà náà ni wọ́n mọ̀ pé èéyi ni. Ìyá ìkókó ti padà sílé láti Sátidé, irun rẹ̀ dára, kò mọ̀ pé òun ti gbé àlejò lọ sílé.

Bí àrùn yìí ṣe ń dá ọgbọ́n nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí ara tó sú ló ti ń ràn, ìgbà tí a ṣì ń pè é ní òtútù. Ẹni tó bá ní in wúkọ́ nínú yàrá, ó jáde lọ, kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá náà títí di wákàtí méjì. Bí ènìyàn 10 tí kò ní ààbò bá sún mọ́ ọn, àwọn 9 ni yóò kó o. Àrùn tó ń yára ràn tó o kò pọ̀ láyé.

Ìyá ìkókó yóò ní, “Ṣebí ọmọ mi ń mu ọmú.” Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí tó ìgbà tí n kò lè kà. Ọmú dára, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀ fún ìkókó. Ó ń gbà á lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru, ó ń gbà á lọ́wọ́ òtútù àyà púpọ̀. Àmọ́ ààbò èéyi kò gba inú ọmú wá. Inú oyún ni ìyá ti ń fi í fún ọmọ, láti ara ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nípasẹ̀ ibi ọmọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ láàárín oṣù keje sí ìgbà ìkúnlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ara ìyá ti kọ́ láti bá kòkòrò èéyi jà ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ogún ni. Bí ogún owó náà ló sì rí: ẹni tí a kò fún ní púpọ̀ kì í pẹ́ ná an tán, ẹni tí a fún ní púpọ̀ náà yóò ná an tán lọ́jọ́ kan, nítorí pé ara ìkókó kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá ń kọjá, ogún ń dín.

Èló wá ni ìyá ní tí yóò fi fún ọmọ? Ìyá tí èéyi gidi ti bá jà rí ní kékeré máa ń ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀ lára. Ìyá tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní kékeré ní ààbò tirẹ̀, ara rẹ̀ yóò bá èéyi jà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ẹni àkọ́kọ́, nítorí náà èyí tó máa kan ọmọ kéré. Àwọn olùwádìí ní Antwerp, ní orílẹ̀-èdè Belgium, tẹ̀ lé ìyá àti ọmọ lẹ́yìn ìbí, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní ọdún 2010. Lágbedeméjì, ààbò tí ọmọ gbà lọ́dọ̀ ìyá tí èéyi ti ṣe rí pẹ́ tó oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ lé díẹ̀. Ti ọmọ ìyá tó gba abẹ́rẹ́ kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé oṣù mẹ́fà, ogún ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ìbáà ṣe ọmọ ẹni àkọ́kọ́ tàbí ọmọ ẹni kejì. Àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò níhìn-ín ní Nàìjíríà náà bá a bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ ti ná ogún wọn tán kó tó di oṣù kẹfà.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ èyí kó wá sọ pé, “Ó sàn kí èéyi ṣe ọmọbìnrin mi, kí ọmọ rẹ̀ lè jogún dáadáa.” Èmi kì í bá ẹni tó ní irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe àwàdà. Àwọn ìyá tí wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀ náà ni àwọn tí èéyi ṣe tí wọn kò kú. Àwọn tó kú kò sí níbi ìwádìí láti wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 107,500 ènìyàn ni èéyi pa káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tí ì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ọmọ tí a bí nígbà tí oṣù rẹ̀ kò pé tún wà nínú ewu ju ìyókù lọ, torí pé kò dúró gba ogún tán kó tó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kòkòrò HIV lára. Ogún tó ń kọjá sí i kì í pọ̀, ìbáà jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ kò ní kòkòrò náà. Irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹni tó bá wá bi mí pé kí ló dé tí wọn kò fi fún ọmọ lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí a bí i, ìbéèrè gidi ló béèrè. Abẹ́rẹ́ èéyi jẹ́ kòkòrò èéyi tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Bí a bá fi í sára ọmọ tí ogún ìyá rẹ̀ ṣì pọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìyá yóò pa á kí ara ọmọ tó kọ́ nǹkan kan lára rẹ̀. Bí a bá sì dúró pẹ́ jù, èéyi gidi yóò ti ṣáájú abẹ́rẹ́ dé. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n wá fi ṣe àárín méjì. Nígbà yẹn, nǹkan bí ọmọ 85 nínú 100 ni abẹ́rẹ́ kan máa ràn lọ́wọ́. Nítorí ọmọ 15 tó kù ni wọ́n ṣe ní kí ẹ padà wá ní oṣù karùndínlógún fún ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ń jẹ ní gbèsè. Ọmọ ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, ìyá ti padà sí ọjà, wọ́n ní ọmọ ti le.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé abẹ́rẹ́ òyìnbó ni, ará ibòmíràn ni wọ́n ṣe é fún. Ní àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí i pé èéyi tó ń ṣe ọmọ níbí le ju èyí tí òun mọ̀ nílùú òun lọ fíìfíì. Nígbà tó gbọ́ pé John Enders àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Boston ti ń ṣe abẹ́rẹ́ èéyi, ó kàn sí wọn. Samuel Katz, ọ̀kan nínú wọn, gbé abẹ́rẹ́ náà wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Amẹ́ríkà kò tí ì fọwọ́ sí i nígbà yẹn, ọdún 1963 ni wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ wa wà lára àwọn tí abẹ́rẹ́ yìí kọ́kọ́ ṣe láǹfààní láyé. Ẹni tó bá ń pè é ní àjèjì, kó lọ béèrè ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ó dáa, ẹ padà síbi tí mo ti yà. Ogún ìyá tán ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin tàbí ìkẹfà. Abẹ́rẹ́ di oṣù mẹ́sàn-án. Ta ni ń ṣọ́ ọmọ láàárín? Ìyá kò lè ṣọ́ ọ, ọmú kò lè ṣọ́ ọ, àdúrà ni a kì í kọ̀. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni olùṣọ́. Bí ọmọ onídìrí bá ti gba abẹ́rẹ́ méjèèjì, bí ọmọ ilé kejì àti ti ìdílé alágbàtọ́ bá ti gbà á, èéyi kò ní ọ̀nà tó máa gbà dé ọ̀dọ̀ ìkókó. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní kí ó tó ènìyàn 95 nínú 100 tó ní ààbò kí ọ̀nà tó dí. Nàìjíríà ṣì jìnnà sí i púpọ̀. Àwọn àgbà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ará ilé tí kò gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ń jẹ kòkòrò náà, ìkókó yín ni kò sì ní sùn.

Bí wọ́n bá wá ní èéyi ti bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò, ẹ má jókòó dúró de oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ gbé ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gba èyí lásìkò tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé èyí kò wọ inú ìṣirò: ó gbọ́dọ̀ tún gba ti oṣù mẹ́sàn-án àti ti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bí èéyi bá ti wọlé ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti máa pariwo. Ẹ má da ẹmu sí ọmọ lára kí ó lè “sú jáde”. Ẹ má ro ohunkóhun sí i lójú: kò sí omi ewé, kò sí ìtọ̀, kò sí omi ọmú. Àwọn kan nínú afọ́jú tí a ń rí lójú títì, èéyi ló mú ojú wọn, oògùn tí wọ́n wá ro sí i ló sì parí iṣẹ́. Ẹ má fi ẹyin àti ẹja dù ú nítorí èèwọ̀. Àsìkò tí ara rẹ̀ ń wá oúnjẹ jù lọ nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ béèrè fún fítámínì A. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fún un, lónìí àti lọ́la, òun ló ń dáàbò bo ojú, òun ló sì ń dín ikú kù. Bí ọmọ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí gìrì bá mú un, bí kò lè mu ọmú mọ́, wákàtí ni ẹ ní, kì í ṣe ọjọ́.

Èéyi tún ní ìwà kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan ní Netherlands wò ṣáájú èéyi àti lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ó pa lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ara ọmọ ti kó jọ sí àwọn àrùn mìíràn, láti ìdá 11 sí ìdá 73 nínú 100. Bí ẹni pé olè wọlé, tó sì jí púpọ̀ nínú ohun tí ara ti kọ́ láti ìgbà tí a ti bí ọmọ náà kó lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ èéyi ṣe lè kú nípa òtútù àyà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí a ó sì máa wá ẹni tó ṣe é.

Ó kan rùbẹ́là. Ọmọdé tó bá ní in kì í ṣàìsàn tó ń dẹ́rù bani. Ibà díẹ̀, ara sú díẹ̀, ọrùn wú lẹ́yìn, ó di ọjọ́ mẹ́ta, ó ti lọ. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá ní in kò mọ̀ pé ó ṣe wọ́n. Aboyún ni kò mọ àánú fún. Bí ó bá mú aláboyún tí kò ní ààbò nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá tó ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Oyún lè wálẹ̀. Tí kò bá wálẹ̀, ọmọ lè wáyé pẹ̀lú etí tó di, ẹyin ojú tó funfun, ọkàn tí ojú ihò rẹ̀ kò padé, ọpọlọ tó kéré.

Ní ọdún 1941, ní Sydney, ní Ọsirélíà, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Norman Gregg ń rí ìkókó tí ojú wọn funfun lọ́tùn-ún lósì. Ó bi àwọn ìyá wọn léèrè, ọ̀pọ̀ wọn ní ara wọn sú nígbà tí oyún ṣì kéré. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀. Ọdún 1964 sí 1965 ni rùbẹ́là wá jà ní Amẹ́ríkà, tí nǹkan bí 20,000 ọmọ sì wáyé pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá nínú wọn ni kò gbọ́ràn.

Níbi tí a wà ńkọ́? Ọmọ tó jẹ́ adití láti inú wá, ìyá ọkọ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ìyàwó jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ, wọ́n á ní ó rìn lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ní ayé ni. Ìyàwó náà gan-an kò rántí pé ní oṣù kejì oyún, ara òun sú fún ọjọ́ mẹ́ta, tí òun ní ooru ni. Iye ilé tí ẹ̀sùn yìí ti tú ká, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ tó pa èéyi àti rùbẹ́là pọ̀, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án títí dé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ohun rere ni, ó sì ti pẹ́ tí ó yẹ kó dé. Ìkìlọ̀ mi tó le jù lọ sì wà níbí: abẹ́rẹ́ rùbẹ́là tí àwọn kan gbà tí àwọn kan kọ̀ léwu. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gíríìsì. Ní nǹkan bí 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó níbẹ̀, wọn kò sì mú un ní kánkán. Ní àwọn ọdún 1980, kò tó ìdajì ọmọ tó gbà á. Àwọn díẹ̀ tó gbà á mú kí àrùn náà má rìn kiri tó bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí kò gbà á, tí ìbá ti ní in ní kékeré kí wọ́n sì bọ́ nínú rẹ̀, dàgbà láìní in. Wọ́n relé ọkọ láìní ààbò kankan. Nígbà tí rùbẹ́là padà dé ní 1993, inú oyún ló bá ọ̀pọ̀ wọn. Ọmọ 25 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà bà jẹ́ láti inú oyún, irú èyí tí ilẹ̀ náà kò rí rí. Ìdajì iṣẹ́ ló fa èyí. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń fi ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá pamọ́ nígbà tí àwọn elétò ìlera bá dé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ lọ́la ni ẹ ń fi ṣeré.

Obìnrin tó ti dàgbà ńkọ́? Bí o bá ń múra àtilóyún, tó sì jẹ́ pé o kò mọ̀ bóyá o ti gba abẹ́rẹ́ rí, béèrè lọ́wọ́ dókítà kí oyún tó dé. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, dúró oṣù kan kí o tó lóyún. A kì í fún aboyún. Ẹni tó bímọ tó ń fọ́mọ lọ́mú lè gbà á. Bí o bá sì gbà á láìmọ̀ pé oyún ti wà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ọ́ pé kí o ṣẹ́ ẹ. Wọn kò tí ì rí ọmọ kan tí abẹ́rẹ́ náà bàjẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa ìdí tí àwọn ìyá fi ń ṣíwọ́. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyi kan tó ọmọ mẹ́wàá. Bí nọ́ọ̀sì bá ti pò ó, láàárín wákàtí mẹ́fà ó gbọ́dọ̀ da èyí tó kù nù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé, “Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀,” tí ìyá fi ń bínú lọ, tí kò sì padà mọ́. Mo bá nọ́ọ̀sì wí náà: ìyá tó wọ ọ̀kadà wá láti oko, tí ẹ ní kó padà nítorí ọmọ kan, ẹ ti lè pàdánù rẹ̀ títí láé. Òfin tí àwọn àgbà ìṣègùn ń tẹ̀ lé ni pé kí a ṣí ìgò náà fún ọmọ kan ṣoṣo, ju kí ọmọ náà lọ láìgbà á. Ìyá, béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣí i kí o tó kúrò nílé, kí o sì padà lọ́jọ́ náà. Ikọ́ díẹ̀ tàbí ikun kò ní kí ọmọ má gbà á. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ara sú díẹ̀, kò burú, ara rẹ̀ ló ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ fún ìyá ọmọ lówó ọkọ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá bẹ̀ yín.

Lálẹ́ òní, ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ yín síta. Ẹ wo ìlà oṣù mẹ́sàn-án, ẹ wo ìlà oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ọ̀kan bá ṣófo, ìbáà jẹ́ pé ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò tí ì pẹ́ jù. Ẹ gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ yín jù. Ọ̀fẹ́ ni.